Kí ni kí n jẹ lójú títì ní Rennes lóṣù July?

Abẹ̀ní_Alálùbáríkà: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Màá wà ní Rennes ní ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ 14 July tí wọ́n máa ń ṣọdún orílẹ̀-èdè wọn. Ìta ni gbogbo ayé máa ń wà lọ́jọ́ yẹn, orin, ijó, iná aláràbarà lójú ọ̀run, ó sì wù mí kí n jẹun lójú títì bíi tiwọn. Àmọ́ mi ò kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mi ò kì í mutí, Faransé mi ò sì já gaara. Kí ni kí n wá?

Àlàó_Arìnrìnàjò: Abẹ̀ní, galette ni, má wá nǹkan míì kiri! Fláwà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní sarrasin ni wọ́n fi ń pò ó, wọ́n á dà á sórí irin róbótó tó gbóná janjan, wọ́n á fi igi kékeré tẹ́ ẹ títí á fi fẹ́lẹ́, wọ́n á fi bọ́tà sí i, wọ́n á fọ́ ẹyin sáàárín, wọ́n á wọ́n ṣíìsì lé e, wọ́n á wá ká etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Etí yẹn á gbẹ, á máa ró lẹ́nu, ẹyin inú ẹ̀ á ṣì máa ṣàn. Ibi tí wọ́n ti ń dín in lójú ẹ ni kó o dúró sí. Tí wọ́n bá kọ "complète", jambon wà nínú ẹ̀ nìyẹn, ẹlẹ́dẹ̀ ni, sọ pé "sans jambon, s'il vous plaît", ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jambon sí i". Galette-saucisse tí gbogbo ará Rennes ń gbé lọ́wọ́ kiri ńkọ́, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ ni, fò ó.

Ìyá_Ìbejì: Òótọ́ lo sọ, Àlàó. Abẹ̀ní ọmọ mi, cidre tí wọ́n á fẹ́ bù fún ẹ, ọtí ni o, bó ti wù kó dùn tó, béèrè jus de pomme, omi èso ápù lásán nìyẹn. Jẹ crêpe, tó fẹ́lẹ́ bíi galette àmọ́ tó jẹ́ aládùn, èyí tó ní caramel oníyọ̀, ìyẹn ṣúgà yíyọ́ pẹ̀lú bọ́tà oníyọ̀. Bretagne, agbègbè tí Rennes wà, ò kì í fi iyọ̀ du bọ́tà wọn, bí adùn àti iyọ̀ yẹn ṣe ń bára wọn rìn ò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lé kọ́ọ̀pù, tó o bá dá a padà wọ́n á dá owó ẹ padà.

Olóúnjẹ_Ọ̀nà: Mi ò bá yín jiyàn o, àmọ́ tó bá lè dé Nice ní gúúsù Faransé, socca ni kó jẹ. Fláwà chickpea, irú ẹ̀wà kan, omi, òróró ólífì àti iyọ̀, kò tán? Wọ́n á yan án nínú ààrò, wọ́n á wọ́n ata dúdú sí i, o máa fi ọwọ́ jẹ ẹ́ gbígbóná. Kò sí ẹran kankan nínú ẹ̀.

Abẹ̀ní_Alálùbáríkà: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń dín galette yẹn, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ kì í kàn án?

Àlàó_Arìnrìnàjò: Ó ń kàn án, orí irin kan náà ni wọ́n ń to jambon sí. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹyin ni wọ́n sì fi ń pa irin ọ̀hún láyé àtijọ́, àwọn kan ò tíì fi sílẹ̀, béèrè kó o tó sanwó. Tọ́kàn ẹ ò bá gbà á, wá ẹni tó ń ta crêpe aládùn nìkan.