Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ìyá àgbà ti yanjú o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo béèrè níjọ́sí nípa ọdún tí bàbá àgbà fẹ́ ìyá àgbà: wọ́n kọ ọ́ sínú Bíbélì ìdílé wa pé 1938 ni, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tó ti ṣọ́ọ̀ṣì wá ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì ní 1947 ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́.

Rárá o, ìyàwó kan náà ni. Ìdána ni ti 1938, òrùka ṣọ́ọ̀ṣì ni ti 1947. Òfin ìgbéyàwó ti 1914 gbà bẹ́ẹ̀: ẹni téèyàn ti fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, ó lè tún un fẹ́ lábẹ́ òfin.

Ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀ sí lórí ìwé ẹ̀rí ló tú u. Yíǹkì ti ṣá débi pé ẹnu fèrèsé la gbé e lọ ká tó rí i kà: aṣọ híhun ni wọ́n kọ, orúkọ bàbá náà sì bá ti Bíbélì mu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tún ní wọ́n rán aṣọ tuntun fóun lọ síbi ìgbéyàwó àwọn òbí òun! (Ó ṣì ń fi yangàn.)

Déètì méjèèjì ni mo kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ẹni tó ní kí n wo orúkọ bàbá ìyàwó, ẹ ṣé gan-an ni. Ó bùṣe.