Rímù mi ti di bàìbàì, ẹ gbà mí

Adélékè Lugbe: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ń bí mi o. Àwọn ọmọ ibi ìfọkọ̀ kan ní Lugbe, Abuja níbí ti ba rímù mi jẹ́. Rímù tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti ṣe funfun bàìbàì. Ọ̀gá wọn ní eruku ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ wo nínú oṣù kẹfà? Ọkọ̀ tí mo ń tọ́jú bí ẹyin! Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́ kó dán padà?

Bọ́lá Kubwa: Ẹ má fọ rímù tó ṣì gbóná. Ọṣẹ á gbẹ mọ́ ọn lára kẹ́ ẹ tó ṣan án, àbàwọ́n ló sì máa dà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán lé iyanrìn kúrò, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ ìfọkọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ parí ọ̀kan kẹ́ ẹ tó bọ́ sí èkejì.

Táíwò Táyà: Kànìnkànìn rímù kò gbọdọ̀ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Irin wà nínú eruku dúdú tí bíréékì ń tú jáde, á ha pẹ́ńtì.

Kúnlé Gwarinpa: Ẹ ra oògùn tó ń yọ irin, èyí tó ń di elésè àlùkò tó bá kan eruku bíréékì. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o.

Bọ́lá Kubwa: Mo tún un sọ, ẹ jẹ́ kó tutù ná!

Bàbá Pẹ́ńtà: Ẹ ò tíì bi í pé irú rímù wo ni, ẹ ti ń kọ oògùn. Adélékè, ṣé kílíà, ọ̀dà tí kò láwọ̀ tó ń bo ojú rímù, wà lórí ẹ̀? Kí ni wọ́n fi fọ̀ ọ́?

Adélékè Lugbe: Bàbá, rímù gidi ni o. Owó ńlá ni mo fi rà á.

Bàbá Pẹ́ńtà: Mi ò bi ọ́ ní iye owó. Fi aṣọ funfun mú pólíìṣì aluminiọ́mù díẹ̀, kí o fi ra ẹ̀yìn rímù, níbi tójú ò tó. Bí aṣọ bá dúdú, kò sí kílíà níbẹ̀.

Kúnlé Gwarinpa: Kó kúkú fi pólíìṣì ra gbogbo ẹ̀ tán.

Bàbá Pẹ́ńtà: Bí kílíà bá wà ńkọ́? Pólíìṣì irin á jẹ ẹ́, ó di kó tún pẹ́ńtì. Oògùn tìrẹ náà, ká kọ́kọ́ ka ara agolo ẹ̀, nítorí òmíràn ò bá aluminiọ́mù lásán mu.

Adélékè Lugbe: Aṣọ dúdú kirikiri. Mo ní kí wọ́n ha pẹ́ńtì ẹ̀ kúrò nígbà tí mo rà á, kí wọ́n pọ́n ọn. Ọṣẹ ìfọ-ṣáláńgá ni mo fún àwọn ọmọ yẹn, torí dúdú bíréékì ò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ló pẹ́ kí wọ́n tó ṣan án!

Táíwò Táyà: Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin fúnra yín!

Bàbá Pẹ́ńtà: Áṣíìdì ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ṣáláńgá. Ó ti jẹ ojú aluminiọ́mù. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sí ọṣẹ tó máa yọ ọ́. Da omi púpọ̀ sí i, títí kan nọ́ọ̀tì àti ẹ̀yìn rímù. Bí ojú ẹ̀ bá ṣì tẹ́jú, pólíìṣì aluminiọ́mù àti aṣọ òwú ti tó. Bó bá rí gbágungbàgun lọ́wọ́, fi pépà oníyanrìn tí wọ́n ń fi omi lò, nọ́ńbà 800, bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 1500, kó o fi 2000 tó kúnná jù parí, kó o tó lo pólíìṣì. Má fo ìkankan. Àpá pépà 800 á hàn lábẹ́ dídán. Wá fi wáàsì bò ó. Tó o bá ti rí i pé omi ò ṣù mọ́ lórí ẹ̀, tún un fi.

Adélékè Lugbe: Pépà yẹn, ta ló máa sanwó ẹ̀? Ṣé kì í ṣe ibi ìfọkọ̀ yẹn ni?

Bọ́lá Kubwa: Ẹ lọ Apo Mechanic Village, ẹ ra pépà. Ẹ fi àwọn ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.