Sójà àná tó fẹ́ padà di ọ́fíìsà ní 31: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí n'Ìkòròdú

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ti wọ iṣẹ́ ológun rí tó tún fẹ́ padà, tàbí tó gbìyànjú ẹ̀ tí ò bọ́ sí i, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa síbí. Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi, ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ forí jì mí.

Ọmọ ọdún 19 ni mo wọ Dípò, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ sójà tuntun, ní Zaria. Mo lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́, kọ́pùrù ni mo dé tí mo fi gba ìwé kúrò, torí ìyá mi ò yéé sunkún lórí fóònù, ó ní òun ò bímọ fún Borno. Mo padà sílé bàbá mi n'Ìgbógbó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ bulọ́ọ̀kù tà, mo parí HND tí mo ti ń ṣe díẹ̀díẹ̀, upper credit. Ayé ń lọ jẹ́jẹ́.

Àfi bí ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ jẹ ìyà Dípò ṣe wá kí mi lọ́dún tó kọjá, ìràwọ̀ méjì léjìká! Òun lọ sí Short Service, ó ti di lùtẹ́náǹtì. Ọwọ́ mi ti gòkè láti kí i bíi sójà kí n tó rántí pé ṣọ́ọ̀tì àti sílípáàsì ló wà lára mi. Ó ní kí ló dé témi náà ò gbìyànjú DSSC (Short Service tí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ń gbà di ọ́fíìsà), ó ní 32 lọjọ́ orí tí wọ́n ń dé e mọ́, mo ní 31 ni mo wà. Ó ní ó dáa nìyẹn, ó ku díẹ̀. Ló bá wo ikùn mi. Ó ní, 'Kọ́pùrù, ta ló fún ẹ lóyún?'

A jọ rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lóru yẹn.

Mo lọ gun sìkéèlì ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì: 97 kg. Nígbà tí mo kúrò níṣẹ́, 74 ni mo wà. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, 150/96, arábìnrin yẹn bi mí bóyá mo ti ń lo oògùn, mo ní rárá, ó wò mí bí ẹni tó ń wo òkú tó ń rìn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde láti sáré, 3.2 km tá a máa ń sá láyé ọjọ́un ni mo fẹ́ sá, mo sì ti ń sọ fún ìyàwó mi látàárọ̀ pé ìṣẹ́jú 14 ni mo máa ń parí ẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mi ò tíì rìn jìnnà sílé tí ẹ̀mí mi fi ń já, mo dọ́wọ́ lé orúnkún, ìyá alákàrà kan gbé atẹ rẹ̀ kọjá lára mi, kò sáré o, ó kàn ń rìn lọ ni, ó tún kí mi pé 'ẹ kú iṣẹ́ o'.

Ibi tí mo ti wá ṣe wèrè nìyí. Dípò kí n rọra, inú ló bí mi. Lọ́sẹ̀ kejì mo wá bàtà ológun mi àtijọ́ jáde, mo wọ̀ ọ́, mo sì fi gba ọ̀nà Ìjẹ̀dè lọ, 8 km, lórí ọ̀dà gbígbẹ. Mo parí ẹ̀ ṣá. Lọ́jọ́ kẹta mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, egungun ojúgun mi ń dùn bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó. Físíò tó tọ́jú mi ló là mí lójú: ó ní ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tètè máa ń rántí, pàápàá ẹni tó ti sáré rí, ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so mọ́ ọn kì í tètè gbọ́, ọpọlọ mi ń sá eré ọmọ ogún ọdún, ojúgun mi ń ru 97 kg. Ó ní kí n máa sáré ìṣẹ́jú kan, kí n rìn ìṣẹ́jú méjì. Èmi! Kí n máa rìn! Ojú tì mí débi pé òru ni mo wá ń jáde kẹ́nikẹ́ni má bàa rí mi.

Òru yẹn náà ló kó bá mi. Tuesday kan, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú, mo wọ dúdú láti òkè délẹ̀ (aṣọ dúdú máa ń gbé ikùn pamọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnìkan), mo fi fìlà bo etí. Mo ń sáré mi lọ ni mo gbọ́ fèrè lẹ́yìn, fííì! Mo rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń lé, mo bá tún fi kún eré. Kí ni mo rí, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lójú mi, ìbọn ṣakabùlà kan, ajá kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ìkòròdú nígbà Badoo, àwọn apààyàn tó ń wọlé onílé lóru, 2016 sí 2017, ẹ mọ̀ pé àdúgbò wa ò fi ọ̀rọ̀ òru ṣeré mọ́. Mo ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n kúnlẹ̀. Mo ní èsáìsì ni mò ń ṣe, wọ́n ní ṣé olóyún náà ń ṣe èsáìsì. Mo ní sójà ni mí tẹ́lẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn ní 'sójà wo ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbò Iléyá báyìí?' Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìbọn lọ. Ìyàwó mi ni wọ́n pè, ó dé tòun ti ìró lára, ó ní ọkọ òun ni, kí wọ́n jẹ́ kó máa sáré, ẹ̀bà àná ló ń lé.

Ẹ̀bà náà kọ́ ni wàhálà tòótọ́ o, ìkókọrẹ́ ìyá ìyàwó mi ni, àti ẹmu Májídùn. Ẹmu mo ti dá a dúró. Ìkókọrẹ́ ń bẹ, ṣùgbọ́n mi ò jẹun mọ́ lẹ́yìn aago méje.

Ní báyìí mo ti wà ní 84 kg. Oṣù mẹ́jọ rèé. 3.2 km, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀. Púsọ́ọ̀pù 41. Mò ń dúró de fọ́ọ̀mù.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́: Bọ̀dá, ẹ kú ìfaradà. Èmi ò tíì wọṣẹ́ ológun rí o, àmọ́ DSSC yẹn náà lèmi lé, torí wọ́n ń gba nọ́ọ̀sì. Mo sáré títí mo fi lè sá ọ̀nà jíjìn mi ò dúró. Wọ́n wá wọn gíga mi, 1.63 m. Obìnrin gbọ́dọ̀ tó 1.65. Mo tiẹ̀ ti di irun sókè lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá tó ń wọn èèyàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ó ní 'sister, a ò wọn ṣùkú'. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wọn ara yín lára ògiri kẹ́ ẹ tó ra bàtà.

Bàbá Àgbádárìgì: Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Nefì ni mo ti fẹ̀yìntì. Ìwọ kọ́pùrù, kí ló gbé ẹ dé inú bàtà ológun? Bàtà yẹn ò mọ̀ pé o ti dàgbà. N'ìlú wa níhìn-ín, etí omi ni mo máa ń ní káwọn ọmọ lọ sáré, níbi tí iyanrìn ti tutù tó sì le, kì í ṣe gbẹrẹfu òkè yẹn, ìyẹn máa ń fa iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ya. Àti pé má dá wà. Ẹni tó bá ń dá sáré máa ń parọ́ fún ara ẹ̀.

Mo ń ka gbogbo ẹ̀: Ọ̀gá, ṣé wọ́n ṣì ń fèrè lé yín?

Kọ́pùrù tó ni ìtàn: Ẹ ṣé sà, Bàbá. Sister, ṣùkú yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ fèrè: ọmọkùnrin tó pè mí ní àgbò yẹn, ọmọ ọdún 22 ni, òun náà fẹ́ wọ Dípò. Òun ló ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà mi báyìí láago márùn-ún, a jọ ń sá a ni. Ó ṣì ń já mi sílẹ̀ ní kìlómítà tó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ n lọ sùn, ọ̀la ọjọ́ 5 km ni.