Síìlì Ilé Harewood nílùú Ọba: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣé onílé lè yí i padà?

POP_Kubwa:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ POP ni mò ń ṣe, Kubwa ni mò ń gbé àmọ́ sáìtì máa ń gbé mi dé Gwarinpa àti Lugbe. Alhaji kan tí mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ kí ọmọ ẹ̀ ní Leeds, ó wá ya fọ́tò síìlì ilé kan tí wọ́n ń pè ní Harewood House, ó ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ sí pálọ̀ òun. Mo ti ń fa fọ́tò yẹn fẹ̀ lórí fóònù láti àná, ewé wẹ́wẹ́, òdòdó, róbótó inú róbótó, kò sí ìlà kan tó wọ́ níbẹ̀, ó wú mi lórí gan-an ni. Wọ́n ní ilé náà ti lé ní igba ọdún, fáíbà ò sí nígbà yẹn, báwo ni wọ́n ṣe gbé e gbà? Ìkejì, wọ́n sọ fún Alhaji pé ẹni tó ni ilé ò gbọdọ̀ ha síìlì yẹn kúrò láìgba àṣẹ. Ṣé ilé ìjọba ni ni? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ̀.

Ayàwòránilé_Jabi:
Àbúrò, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Ọdún 1759 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé yẹn lélẹ̀, ó di 1771 kí wọ́n tó lè máa gbé inú ẹ̀. John Carr ará York ló ya ilé, Robert Adam ló ṣètò inú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó yẹ kó o mọ̀ ni Joseph Rose, torí òun ló rẹ́ síìlì, iṣẹ́ tìẹ gan-an ló ṣe. Ní ayé wọn, wọ́n á kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ igi òkè ilé, wọ́n á fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n á sun òkúta ẹfun nínú iná, wọ́n á fi omi pa á, wọ́n á po yanrìn àti irun ẹran mọ́ ọn, irun yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí fáíbà ń bá yín ṣe lónìí. Tí wọ́n bá rẹ́ ẹ mọ́ pákó, á yọ sí òdìkejì láti inú àlàfo yẹn, á wá ká mọ́ pákó, ìyẹn ni ò ṣe já. Kọ́níìsì ńkọ́? Wọ́n á gé ìrísí ẹ̀ sára pátákó, wọ́n á máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ lórí èyí tó ṣì tutù títí ìlà á fi jáde. Òdòdó àti ewé kéékèèké, móòdù ni wọ́n ń lò, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe ń ṣe é.

Tó bá ṣeé ṣe, ní kí Alhaji wá fọ́tò yàrá orin ibẹ̀, ohun tó wà ní síìlì ni kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ń bá mu. Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Gallery, wàá rò pé aṣọ ló rọ̀ wálẹ̀ lókè fèrèsé, tó ṣẹ́po tó sì ní wajawaja létí, igi ni gbogbo ẹ̀ o, gbígbẹ́ ni wọ́n gbẹ́ ẹ, láti ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan, Thomas Chippendale, ọmọ ìlú Otley tí ò jìnnà síbẹ̀. Mi ò tíì rí iṣẹ́ igi tó jọ mí lójú tó yẹn.

Màmá_Kàdúná:
Mo gbé Bradford rí kí n tó wálé, jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn ti òfin. Kì í ṣe ilé ìjọba, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ló ń bójú tó o, ìdílé tó kọ́ ọ ṣì ń gbé ibẹ̀. Àmọ́ ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò, Grade I, ìpele tó ga jù, ni wọ́n pín in sí. Ìpele mẹ́ta ló wà ní England: Grade I, Grade II tó ní ìràwọ̀, àti Grade II lásán, nínú ọgọ́rùn-ún ilé tó wà lákọsílẹ̀, bíi méjì ààbọ̀ péré ló ń jẹ́ Grade I. Tí ilé bá ti wọ ibẹ̀, inú àti ìta ni òfin dè, kì í ṣe ojú ilé nìkan, tí ẹ bá lọ ha síìlì láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, wọ́n lè gbé yín lọ sí kóòtù, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ín. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà tí Charles Barry, ayàwòrán ilé, ṣe àtúnṣe ilé náà láàárín 1840 sí 1850, ó kọ́ ilé òkè kan lé apá méjèèjì, ó yọ àwọn òpó iwájú ní apá gúúsù kúrò, ó wá ṣe ọgbà ńlá síbẹ̀. Lónìí, àtúnṣe Barry yẹn náà ti di ohun tí òfin ń dáàbò bò.

Ọmọ_Ìlọrin_Zaria:
Ẹ ṣeun màmá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, a ò lè máa yin síìlì ká má sọ ibi tí owó ẹ̀ ti wá. Henry Lascelles ló ra ilẹ̀ yẹn ní 1738. Barbados ló ti rí owó, ó ń gba owó bodè, ó ń ṣòwò ṣúgà, ó ń ṣòwò ẹrú, ó sì ń yá àwọn olóko lówó. Ọmọ ẹ̀, Edwin, ló kọ́ ilé. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú, ìjọba san owó gbà-máà-bínú, £26,309 ni wọ́n san fún ìdílé yẹn lórí ẹni 1,277 tí wọ́n mú lẹ́rú ní Barbados àti Jamaica. Àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú gan-an ò gba kọ́bọ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn ni pé ìdílé náà ò bò ó mọ́, David Lascelles tó jẹ oyè Earl of Harewood báyìí ń sọ ọ́ ní gbangba, ó sì wà lára àwọn tó dá Heirs of Slavery, ẹgbẹ́ àwọn àtọmọdọ́mọ tó jèrè nínú òwò ẹrú, sílẹ̀ ní 2023. POP_Kubwa, sọ fún Alhaji náà, kó mọ ìtàn ohun tó fẹ́ gbé sí pálọ̀.

Ayàwòránilé_Jabi:
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tó tún ń ká mi lára ni tiwa. Àwa náà ní òfin lórí irú ilé báyìí, 1979 ni wọ́n ṣe é. Ilé Ilojo Bar táwọn Àgùdà kọ́ l'Ékòó, láti 1956 ni wọ́n ti kéde ẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wọ́n wó o ní 2016. Odi ìlú Kánò náà, ẹ lọ wo ohun tó kù. Àbúrò, tó o bá dé Kánò, yà ní mùsíọ́mù Gidan Makama, gbójú sókè wo síìlì, amọ̀ àti azara, ìyẹn igi giginya tó jọ ọ̀pẹ, tí wọ́n là, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ pàdé ara wọn láìsí ìṣó kankan tó hàn. Babban Gwani tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Zaria, irú ọgbọ́n yẹn ló fi ṣiṣẹ́. Mú fọ́tò tìyẹn náà lọ bá Alhaji.

POP_Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá ẹ kú àlàyé. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Alhaji, ó ní òun ò mọ̀ nípa owó ẹrú yẹn rárá, ó ní kí n ya méjèèjì wá, ti Harewood àti ti azara, ká jọ wò ó. Mo fẹ́ fi ẹfun yẹn gbìyànjú bọ́ọ̀dù kékeré kan ná. Níbo ni wọ́n ti ń tà á l'Ábújá?

Màmá_Kàdúná:
Kọ́kọ́ wo Dei-Dei, béèrè láìmù, ìyẹn ẹfun yẹn, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta símẹ́ńtì. Wọ gílọ́ọ̀fù o, ó máa ń jó ọwọ́.