Sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnì jóná lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan: kí ni ká ṣe?

ÌyáÌbejì_Ṣaṣa
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì tó wà ní kíṣìnì ti dúdú lójú kan, ó sì ń rùn bí ike tó ń jóná tí kẹ́tù bá ń hó. Òun náà ni họ́tùpléètì wà lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Wáyà pupa, dúdú àti aláwọ̀ ewé ló wà nílé, a ní NEPA, a ní jẹnẹrétọ̀, a sì ní ínfátà. Kí ni kí n rà, báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó?

Oníná_Mókọ́lá
Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá jóná lẹ́ẹ̀mejì lójú kan náà, ẹ̀bi náà kì í sábà jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Kẹ́tù 2200W lórí 230V ń fa nǹkan bíi 9.6A (A ni ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá). Họ́tùpléètì 1500W ń fa 6.5A. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó ti lé ní 16A. 13A tí wọ́n kọ sí i lára, ti ojú kọ̀ọ̀kan ni, àmọ́ ojú méjèèjì ò lè gbé 26A pọ̀. 20A lápapọ̀ ni wọ́n fi ń dán olójú méjì wò. Ojúlówó á gbé 16A yẹn, ayédèrú tí idẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé ò ní pẹ́ tó fi jó.

Èyí tó wọ́pọ̀ jùyẹn lọ ni súkúrúù tí kò le. Níbi tí wáyà ò bá ti di mú dáadáa, ooru ló ń bí. Ooru yẹn á mú kí bàbà dúdú, bàbà tó ti dúdú ò sì ní gbé iná bíi ti tẹ́lẹ̀, ooru á tún pọ̀ sí i. Oníṣẹ́ tó bá ki bàbà dúdú kan náà bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, àìsàn àná ló gbé fún ara tuntun.

Nípa ọjà: 13A olójú méjì tó ní swíìṣì, tí ojú rẹ̀ jẹ́ 146mm ní ìbú àti 86mm ní gíga. Àárín ihò súkúrúù rẹ̀ méjèèjì yóò jẹ́ 120.6mm, ìyẹn ló bá àpótí 3 by 6 inú ògiri mu. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sọ́jà. Òòfà kì í gbá idẹ mú. Súkúrúù rẹ̀ lè jẹ́ irin, kò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ibi tí wáyà ń wọ̀ gan-an ni òòfà lẹ̀ mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Táíwò_Wáyà
Ọ̀gá Mókọ́lá ti wí tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iṣẹ́ ọwọ́, kí n sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ikú wà.

Swíìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ò pa ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pa á, iná ṣì wà lórí súkúrúù L (L ni láyíìfù, wáyà tó ń gbé iná wá; N ni níútírà, èyí tó ń dá a padà; E ni ẹ́ẹ̀tì, ti ilẹ̀). Bírékà ni kí ẹ pa, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀, kí ẹ sì pa ínfátà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pa NEPA nìkan, ínfátà á dá iná padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bírékà lásán ò sì tó nílé tó ní ínfátà, torí pé láyíìfù nìkan ni bírékà kékeré ń gé. Tí wọ́n bá ti da níútírà NEPA àti ti ínfátà pọ̀, iná lè gba ibẹ̀ wọlé.

Kí ẹ tó pa á, ẹ fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn lórí AC (ibi tí mítà ti ń wọn iná ilé) kí ẹ rí i pé ó ń ka. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ tún un wọ̀n: L sí N, L sí E, N sí E. Nígbà tí ẹ bá fà á jáde, ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí àwọn súkúrúù ẹ̀yìn, nítorí pé ojú tó ti jóná lè má kan wáyà mítà mọ́. Tẹ́sítà oníbíró nìkan ò tó.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Ó ṣeé ṣe kí wáyà méjì-méjì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, torí pé ọ̀kan ń mú iná wá, ìkejì ń gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ẹ gé bàbà tó dúdú dànù títí ẹ ó fi débi tó ń dán. Ẹ bó nǹkan bíi 10mm, kí ọ̀bẹ má ha bàbà lára, torí ibi tó bá ha ló máa kán. Ẹ fi páláyà lọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ tì í bọ inú ihò, ẹ fún súkúrúù, kí ẹ wá fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá mì, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe. Rọ́bà wáyà ò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ súkúrúù, bàbà ò sì gbọ́dọ̀ yọ síta jù.

Pupa sí L, dúdú sí N, aláwọ̀ ewé sí E. Ẹ tẹ̀ lé lẹ́tà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fi ọ̀tún òun òsì ṣe é: L tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún tí ẹ bá kojú sí i, ọwọ́ òsì ló máa bọ́ sí tí ẹ bá yí i padà. Tí àpótí inú ògiri bá jẹ́ irin, ẹ so wáyà ẹ́ẹ̀tì kan mọ́ òun náà.

Tí wáyà bá kúrú lẹ́yìn gígé, kọ́nẹ́kítọ̀ 30A ni kí ẹ lò. Kí ẹ máa lọ́ ọ kí ẹ sì fi téèpù dì í, ìyẹn ló ń mú iná jó lẹ́ẹ̀kẹta. Tí rọ́bà rẹ̀ bá ti gan bí igi dé inú páìpù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà 2.5mm tuntun.

ÌyáÌbejì_Ṣaṣa
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pe oníṣẹ́, ó tú u: aláwọ̀ ewé ò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n gé e. Ó ní kí a so E mọ́ dúdú, pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Oníná_Mókọ́lá
Rárá o! Lọ́jọ́ tí wáyà dúdú bá já lójú ọ̀nà, ara kẹ́tù ni iná máa bọ́ sí, ẹ ó sì dì í mú. Kí ó wá ibi tí wọ́n ti gé ẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ó fa tuntun láti ibi bírékà. Nígbà tó bá parí tí iná sì padà dé, L sí N àti L sí E yẹ kí wọ́n jọ ka iye kan náà, N sí E á sì sún mọ́ òdo. Tó bá jẹ́ N sí E ló ka 230, tí L sí E ò ka nǹkan, ó ti gbé pupa àti dúdú síra wọn.

Àkànní_DB
Ohun méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Bí ẹnì kan nílé bá ń fi ìdérí bíró ti ihò ẹ́ẹ̀tì kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ẹ dá a dúró. Ẹsẹ̀ roboto yẹn ń fẹ ẹnu idẹ tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Kẹ́tù á wá ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ bọ inú ẹnu tó ti là, ibẹ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣẹ́ṣẹ́.

Ìkejì, bí bírékà 20A bá ń já, tí oníṣẹ́ ní òun á fi 32A pààrọ̀ rẹ̀ lórí wáyà 2.5mm tó ń lọ ní ọ̀nà kan, tí kò yí padà wá sí bírékà, ẹ má gbà. Wáyà inú ògiri ni yóò jó kí bírékà tó mọ̀. Ẹ fún họ́tùpléètì ní láìnì tirẹ̀, 2.5mm lórí bírékà 20A. Títí tí wọn ó fi fà á, kí kẹ́tù hó tán kí ẹ tó tan họ́tùpléètì.