Ṣé fóònù ń ran àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ ni, àbí ó ń fà wọ́n sẹ́yìn?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìbàdàn)
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ń múra sílẹ̀ de ìdánwò JAMB, tó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2015. Ìdí nìyí tí mo fi ra fóònù fún un. Ó ń wo fídíò ìṣirò lórí YouTube títí di òru, ó sì ń sọ pé ó ti yé òun, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ó fi bírò ṣe ẹyọ kan lójú mi, ọwọ́ rẹ̀ a dúró láàárín. Ṣé kí n gba fóònù náà ni?

Olùkọ́ Ìṣirò (Òṣogbo)
Ẹ má gbà á, mà. Ẹni tó ń wo oníṣirò dà bí ọmọ tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò: gbogbo rẹ̀ ló yé e, àfi ìgbà tí wọ́n bá gbé orógùn lé e lọ́wọ́. Ìbéèrè 180 ni wọn yóò dáhùn nínú JAMB láàárín wákàtí 2, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú kan fún ìbéèrè kan, nítorí náà ọwọ́ tí kò bá mọ́ iṣẹ́ náà lára láti ilé kò lè yá níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó dá fídíò dúró bí wọ́n bá ti ka ìbéèrè tán, kí ó ṣe é sínú ìwé kí ó tó wo ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí ó gba fídíò sílẹ̀ sórí fóònù ṣáájú, kí ẹ sì pa dátà. Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ (tablet) tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀ṣun ní ọdún 2013 ní ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nínú láìlo íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó sì wù mí jù lára rẹ̀ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ (Abẹ́òkúta)
Mo gbà pẹ̀lú yín, sà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pa dátà pátápátá. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọdún 2020, ohùn tí olùkọ́ wa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ni kẹ́mísírì fi yé mi, nítorí pé mo lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì lè béèrè ohun tí ojú ń tì mí láti béèrè ní kíláàsì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí òbí wọn kò lè ra dátà kò rí èyí gbà, ó sì ń dùn mí di òní.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ ṣeun, olùkọ́. O ṣeun, ọmọ mi. Lálẹ́ àná, ó gba fídíò sílẹ̀ sórí fóònù, a sì pa dátà. Nínú ìbéèrè mẹ́ta tó ṣe, ọ̀kan péré ló gbà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rí ibi tí àṣìṣe ti wọ inú èkejì. A ó tún jókòó tì í lálẹ́ òní.