Ìkópa, ìfọ̀rọ̀lọ̀ tàbí àjọmójútó: èwo ló bá ọ̀rọ̀ odò mu?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín láti Kétu.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa odò Colorado ní Amẹ́ríkà ní kí a bá òun wá orúkọ fún kí ará ìlú máa bá ìjọba mójú tó odò tí wọ́n fi dáàmù sé, tí ọ̀dá sì ń bá jà. Ẹnìkan dáhùn pé "ìkópa ará ìlú", ẹlòmíì ní "ìfọ̀rọ̀lọ̀ ará ìlú". Ẹ má bínú, n kò rò pé èyíkéyìí nínú méjèèjì gbé ẹrù náà délé.

"Ìkópa" ló mọ́ àwọn oníròyìn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òṣèré náà ń kópa nínú fíìmù. Òun kọ́ ló kọ ìtàn, òun kọ́ ló sì ń sọ ibi tí yóò parí sí. "Ìfọ̀rọ̀lọ̀" sàn jù ú lọ, torí ẹni tí a bá fọ̀rọ̀ lọ̀ lè fèsì. Bóyá èsì rẹ̀ yóò múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sọ ìyẹn.

Ẹ wo Colorado fúnra rẹ̀. Ní 1922, ìpínlẹ̀ méje àti aṣojú ìjọba àpapọ̀ jókòó pín omi odò náà sórí ìwé. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tí wọ́n ti ń mu omi odò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ òyìnbó kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àdéhùn náà fi dárúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ẹ̀yà ni ìjọba Amẹ́ríkà mọ̀ lágbègbè odò náà lónìí. Ìṣirò wọn náà kò gún, torí ọdún tí òjò rọ̀ dáadáa ni wọ́n fi díwọ̀n. Omi orí ìwé wá pọ̀ ju omi inú odò lọ. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2000 tú àṣírí náà. Nígbà tó fi máa di 2022, Lake Mead, adágún ẹ̀yìn dáàmù Hoover, ti lọ sílẹ̀ débi tí kò lọ sílẹ̀ dé rí láti 1937 tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún un.

Ní 1997 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí dáàmù Glen Canyon, tó wà lórí odò Colorado kan náà. Aṣojú ìpínlẹ̀, ti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, àwọn tó ń ra iná mànàmáná àti àwọn tó ń gbèjà àyíká ló ń jókòó níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba mínísítà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí dáàmù náà wà lábẹ́ rẹ̀ nímọ̀ràn. Ìfọ̀rọ̀lọ̀ nìyẹn, kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé ní Agbóyì tàbí Àjégúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú mọ ohun tí "wọ́n ti ṣí Ọ̀yán" túmọ̀ sí. Láti 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tó bá tú sílẹ̀ ló ń ran odò Ògùn lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fa omi ní Akútè lọ sí ilé iṣẹ́ omi Ìjú fún Èkó. Nígbà òjò, ilẹ̀kùn kan náà ló ń kó àyà àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò sókè. Ìkìlọ̀ pé kí wọ́n kó ẹrù wọn, ìfitónilétí lásán ni. Ó wúlò, ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò mú ẹnu wọn tólẹ̀ lórí ìgbà tí a óò ṣílẹ̀kùn àti bí omi tí a óò tú ṣe máa pọ̀ tó.

Èmi dábàá "àjọmójútó odò". A ti ní àjọṣe, àjọgbé, àjọni. Kò ní ṣòro fún ọmọ iléèwé láti lóye. Mo ronú sí "ìlọ́wọ́sí" pẹ̀lú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ti bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́: bí a bá ti ní ẹnìkan lọ́wọ́ sí nǹkan, ẹ̀sùn ló kù. Ní ti orúkọ tí a óò pe àwọn tó yẹ kó jókòó síbi ìpàdé, "àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn" dára bó ṣe wà, bí ẹ bá ti rántí ka àwọn ìsàlẹ̀ odò mọ́ wọn, títí dé Mẹ́síkò tó jẹ́ pé 1944 ni àdéhùn omi tirẹ̀ tó wá.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nínú ìwé yín: ìfitónilétí, ìfọ̀rọ̀lọ̀ àti àjọmójútó. Níbi tí wọ́n bá kàn kìlọ̀ fún aráàlú, ẹ kọ ìfitónilétí. Ìgbìmọ̀ 1997, ìfọ̀rọ̀lọ̀. Ẹ fi àjọmójútó pamọ́ fún ibi tí ará ìlú bá ti lè sọ pé rárá, tí ilẹ̀kùn dáàmù kò sì ní ṣí.